"Ibo Ni Wọ́n Ti Ṣe É?": Àkọsílẹ̀ Ẹrù Ṣágámù Kan Tó Há Sí Accra

Aago méje ò tíì lù láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn tí fóònù mi fi dún nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, ọmọ Ṣágámù, tó ń bá àwọn ilé-ìtura àti ilé-ìwé fa íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń bá wọn gbé kámẹ́rà ìṣọ́lé. Accra ló ti ń pè. Kò tilẹ̀ ráyè kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti dá ẹrù wa dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní ká mú ìwé wá. Gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ wa la kó fún wọn, wọ́n ní ìwé tí àwọn ń bèèrè kọ́ nìyẹn."

Ọdún 14 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ní Apápá, iṣẹ́ ká báni kílíà ẹrù lọ́wọ́ aṣọ́bodè, kí n tó kó wálé. Mo mọ irú ohùn yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà dùn mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun nílé wa. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣebí Gánà wà nínú ECOWAS?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé a ò ní san owó ibodè nìyẹn." Àlejò ń wọlé, wọ́n ń pè mí sídìí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Ìdákẹ́ mi ló mú lọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ tó gbà. Ọmọ Rẹ́mọ kan tó ti pẹ́ ní Gánà ló ń kọ́ ilé-ìtura sí Accra, ó sì fẹ́ kí ọmọ ilé òun jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ WiFi tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà, 40. Switch, ẹ̀rọ tó ń so àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, 6. Kámẹ́rà, 32, pẹ̀lú àpótí méjì tí yóò máa gba àwòrán wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ méjì tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òrùlé kan sí òmíràn. Ínfátà méjì, bátìrì lítíọ́ọ̀mù mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ni irinṣẹ́ tiwọn fúnra wọn: splicer, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó wáyà fáíbà pọ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ibi tí fáíbà ti já, àti láptọ́ọ̀pù mẹ́ta. Computer Village ní Ìkẹjà ló ti ra ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó ra ínfátà àti bátìrì ní Alaba. Lójú tirẹ̀, àwọn tó kó ọjà náà wọ Nàìjíríà ti san dúútì rẹ̀ ní Apápá, ECOWAS sì ni Gánà. Kí ló tún kù?

Bátìrì ló kọ́kọ́ sọ fún un pé nǹkan kù, kò sì fetí sí i. Bátìrì náà kò kúrò ní Èkó rárá. Bátìrì 51.2 fóltì, 100Ah, ìyẹn ni pé ẹyọ kan lè gba iná 5,120 watt-hour, kì í ṣe ohun tí à ń dì mọ́ ẹrù lásán. Nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé àwọn ẹrù eléwu ni UN3480. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti fòfin dè é pé kó má ṣe bá ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Lójú òfuurufú, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù nìkan ló lè gbé e, iná inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó gbọdọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ó ti yege ìdánwò ààbò bátìrì tí wọ́n ń pè ní UN 38.3, àpótí àti àmì tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ní Ìkẹjà ṣí páálí, ó rí i, ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dára tó rí i. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó bá gbiná lójú òfuurufú, kò rọrùn láti pa. Ẹni tó bá fi pamọ́ sáàárín ẹrù, ẹ̀mí àwọn tí kò rí rí ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Àbúrò mi ò fi pamọ́. Kò mọ̀ ni. Ìyókù bá ọkọ̀ lọ.

Mo ní kó ya àwòrán ìwé tó kó fún wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ojú ewé mẹ́ta ni. Orí àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé "Computer accessories, 27 cartons". Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà di computer accessories, ínfátà di computer accessories, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó fáíbà pọ̀ náà di computer accessories. Ewé kejì kò tilẹ̀ sọ ohun tó wà nínú páálí kìíní títí dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Wéébíìlì, ìwé tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń gba ẹrù, ni ẹ̀kẹta, orúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì kọ sí àyè ẹni tó fẹ́ gba ẹrù. Iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó ná. Mo bi í pé ta ló ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá kan tó ń kó ọjà ló sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe.

Mo wá ní kó pè mí lórí fídíò, kó gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ WiFi tó fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tó wà nínú àpò rẹ̀, kó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ó yí i. Bébà fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, kò gbòòrò ju ìka méjì lọ, lẹ́tà orí rẹ̀ sì kéré débi pé ó ní láti gbé e sẹ́bàá fèrèsé kí n tó lè kà á. Orúkọ ẹ̀rọ wà lókè, nọ́ńbà tirẹ̀ wà láàárín, ìlà tó kẹ́yìn sì sọ pé "Made in Vietnam". Mo ní, "Ìlà ìkẹyìn yẹn ni wọ́n ń bi ọ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Nàìjíríà la ti gbé e wá, Àǹtí."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń ṣìnà níbẹ̀, ọjọ́ Ojúde Ọba ló sì yẹ kí n ti là á yé e. Àdéhùn ECOWAS méjì ló wọ ara wọn lọ́kàn wa. Ọ̀kan jẹ́ ti ènìyàn: láti 1979 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Èkejì jẹ́ ti ọjà, kò sì jọ ti àkọ́kọ́. Ọdún 1979 kan náà ló bẹ̀rẹ̀, lórí irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ àti epo rọ̀bì, wọ́n sì fi ọjà ilé-iṣẹ́ ńlá kún un ní 1990. Ohun tó sọ ni pé ọjà tí a ṣe nínú ECOWAS kò ní san dúútì. Tí a ṣe, kì í ṣe tí a rà. Kó tó lè jẹ́ tiwa, ó lè jẹ́ ohun tó ti inú ilẹ̀ wa jáde pátápátá. Bí a bá kó èròjà rẹ̀ wá láti òkèèrè, a gbọdọ̀ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn níbí, tàbí kí iṣẹ́ tí a ṣe kún un tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ńlá tún gbọdọ̀ ti forúkọ ara rẹ̀ àti ti ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò náà. Àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan lẹ́tọ̀ọ́ nínú àdéhùn yìí ju ogójì ẹ̀rọ WiFi lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Vietnam, bó gba Apápá, bó gba Ìkẹjà, bó sùn ní Ṣágámù fún oṣù mẹ́fà, ọmọ Vietnam náà ló jẹ́ nígbà tó bá dé Accra. Dúútì tí wọ́n sì san lórí rẹ̀ ní Apápá, ti Nàìjíríà ni. Gánà ò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ bodè ṣàjèjì sí àwa Ìjẹ̀bú. Àwọn baba wa ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó lọ sí ọ̀sà, tí wọ́n ń gba owó lórí ẹrù, tí ẹni òkè tó bá fẹ́ tajà fún ará Èkó fi ní láti bá wọn dúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti owó ibodè yẹn wà nínú ohun tó gbé ogun Gẹ̀ẹ́sì dé Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ohun tí oníbodè ń bèèrè nígbà náà ni wọ́n ń bèèrè títí dòní: kí lo rù, ti ta ni, ibo ló ti ṣẹ̀, èló ni?

A bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. Mi ò lè dúró fún un ní Gánà, torí láísẹ́ńsì ejẹ́ǹtì kì í kọjá ẹnubodè, nítorí náà a wá ejẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀. Obìnrin ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọ iṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń kó ẹrù wọlé. Orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí òfin ibẹ̀ mọ̀ ni, tó ní nọ́ńbà owó orí ní Gánà, tí wọ́n lè rí mú lọ́la bí owó bá kù. Àbúrò mi ò ní. Ilé-ìtura ní. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọkọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n yí orúkọ orí wéébíìlì padà sí ti ilé-iṣẹ́ oníhòtẹ́ẹ̀lì náà. Lẹ́tà yẹn nìkan gba ọjọ́ mẹ́rin, owó ibi tí ẹrù sùn sì ń gorí ara lójoojúmọ́.

Èmi àti àbúrò mi jókòó ti ìnfọ́ọ̀sì, ìwé tó to ọjà àti iye owó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ní alẹ́ ọjọ́ méjì, òun ní Accra, èmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, fóònù láàárín wa. A tú 27 páálí sí ìlà kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹ̀rọ bó ṣe wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an, iye ẹyọ, nọ́ńbà ara rẹ̀ (serial number), ìlú tí wọ́n ti ṣe é, iye tó rà á, àti nọ́ńbà HS. Nọ́ńbà HS yìí ni gbogbo ayé fi ń pe ọjà lórúkọ kan náà láti 1988. Díjíìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ láti Tokyo dé Tema. Ẹ̀rọ WiFi, switch àti ẹ̀rọ orí òrùlé wà ní 8517.62. Láptọ́ọ̀pù wà ní 8471.30. Kámẹ́rà wà lábẹ́ 8525. Ínfátà jẹ́ 8504.40. Bátìrì tó kù sí Èkó ì bá jẹ́ 8507.60. Nínú ìwé dúútì ECOWAS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ìpele márùn-ún ló wà: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sábẹ́ "computer accessories" ti sọ fún aṣọ́bodè pé kó bá òun mú èyí tó bá wù ú.

A kọ iye owó tí ó ná gan-an. Ó ṣòro fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò rò pé wọ́n á bi wá léèrè ìdí tó fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀?" Mo ní wọ́n á bi wá, a ó sì sọ fún wọn pé ti tẹ́lẹ̀ kò tọ́. Iye tí a san gan-an ni òfin sọ pé ká kọ. Wọ́n á ro owó ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn kí wọ́n tó gé dúútì, VAT Gánà, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ò sì bẹ̀rẹ̀ lórí iye ẹrù nìkan, orí ẹrù pẹ̀lú dúútì ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó kan àwọn owó kéékèèké mìíràn. Ó pọ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì náà ò tíì fi ìwé ẹrù sílẹ̀ lórí ICUMS, ẹ̀rọ ayélujára tí àwọn aṣọ́bodè Gánà ń lò láti 2020, nítorí náà irọ́ náà ò tíì di ti ìjọba. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kéèyàn fúnra rẹ̀ tún un ṣe àti kí wọ́n tú u fó lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju iye dúútì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnìkan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pàdé níbi tí wọ́n ti ń jẹun sọ pé òun mọ bí wọ́n ṣe lè yọ ẹrù náà lóru. Mo ní bó bá fi kọ́bọ̀ kan lé e lọ́wọ́, kó má pè mí mọ́. Inú bí mi lóòótọ́. Ọmọ ọlọ́mọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, ẹ̀wọ̀n ò sì ń yan ọ̀gá.

Ibi tó le jù ni ìwé àṣẹ ẹ̀rọ onírédíò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní type approval. Ohunkóhun tó bá ń ta WiFi ń lo afẹ́fẹ́ tí gbogbo ìlú jọ ń lò, ìjọba sì fẹ́ mọ̀ pé kò ní da ti ẹlòmíràn rú. Níbí, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń wò ó. Ní Gánà, NCA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ tiwọn, ni. Ìwé NCC kì í ṣe ìwé NCA. Ẹ̀rọ orí àjà ti gba àṣẹ ní Gánà, ọpẹ́lọpẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ ló ṣe é. Síbẹ̀ lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, tó ń sọ agbègbè ayé tí wọ́n ṣe é fún, kò sí lórí ìnfọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. A fi í kún un, ó bá ìwé mu. Ti ẹ̀rọ méjì orí òrùlé ló dojú rú. Wọn ò lórúkọ kankan tó dúró, ẹni tó tà wọ́n nìkan ló lẹ bébà tirẹ̀ mọ́ wọn. Kò sí ìwé wọn ní Gánà, kò sì sí ìwé wọn ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ká máa wá àṣẹ fún ẹyọ méjì péré, owó àti oṣù tó máa gbà ju iye wọn lọ fíìfíì. Wọ́n fi fáíbà so ilé méjèèjì pọ̀ dípò wọn, àwọn ẹ̀rọ náà sì di ẹrù tí a óò dá padà.

Irinṣẹ́ wọn ni mo káàánú jù. Splicer olówó ńlá, láptọ́ọ̀pù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹrù kan náà pẹ̀lú ọjà, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta sì jókòó ní Accra láìrí nǹkan fọwọ́ kàn. Irinṣẹ́ kì í ṣe ọjà. À ń gbé e wọlé fún ìgbà díẹ̀ ni, pẹ̀lú owó ìdúró tàbí onígbọ̀wọ́, a ó sì kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ síwèé kó lè jẹ́ pé òun gan-an ló ń padà. Ìwé tirẹ̀ gbọdọ̀ dá dúró. Ká ní wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní Ṣágámù ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa fa wáyà láti ọjọ́ kẹta tí wọ́n débẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ 19 ni ẹrù náà lò kó tó jáde. Wọ́n ra bátìrì tuntun ní Accra, torí kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí bátìrì wá láti Alaba nígbà tó wà ní ìlú tí a ti ń ṣiṣẹ́. Owó ibi tí ẹrù sùn àti oúnjẹ àti ilé ọmọ mẹ́ta jẹ èrè iṣẹ́ náà tán, ó tún kù díẹ̀ kó jẹ ojú owó. Oníhòtẹ́ẹ̀lì ò bínú. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, mo sì sọ ipa tèmi níbẹ̀ fún un. Ó ní àwọn méjèèjì ò jíròrò ẹni tí yóò san owó ibodè rí. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ sọ iye iṣẹ́, kò sọ ẹni tó ń kó ẹrù wọlé. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí ẹrù tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù náà: ẹni tó tajà kọ "DDP" sórí ìwé torí ó dún dáadáa létí, kò mọ̀ pé òun ti gbà láti san dúútì àti VAT ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní nọ́ńbà EORI tí wọ́n fi ń kó ẹrù wọ ibẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré!

Nígbà tí irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ méjì náà ń padà bọ̀, ó kù ibì kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ tó. Aṣọ́bodè tiwa ní Ìkẹjà béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ló fi hàn pé ibí ni ẹrù wọ̀nyí ti jáde, tí kì í ṣe ọjà tuntun tó ń wọlé. Kò sí ìwé NXP, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí à ń gbà ní báńkì kí ọjà tó jáde ní Nàìjíríà. Kò sí àkọsílẹ̀ irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni fi òǹtẹ̀ lù lọ́jọ́ tó ń lọ. Ohun tó yọ splicer ni rìsíìtì tí wọ́n fi rà á ní Ìkẹjà ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni tó tà á sì fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n fi wé ara ẹ̀rọ, ó bára mu díjíìtì dé díjíìtì. Láptọ́ọ̀pù méjì ní rìsíìtì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ò ní, wọ́n sì gbọ́ àlàyé wa lórí rẹ̀ pẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ méjì orí òrùlé ò ní rìsíìtì kankan tó dárúkọ wọn. Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ṣì wà ní ibùdó ẹrù ní Ìkẹjà, bébà Accra ṣì wà lára páálí wọn. Àbúrò mi wá láti Ṣágámù ní Sátidé tó kọjá, ó ní òun ti padà lọ bá ẹni tó tà wọ́n fún òun pé kó kọ rìsíìtì, ọkùnrin náà sì bi í pé kí lòun máa kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀rọ.